Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹbí ọkọ mi, ọ̀rọ̀ Olúmọ yìí ti sú mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún ìyá ọkọ mi la fẹ́ ṣe, mo ní ká kó wọn lọ Olúmọ ní Abẹ́òkúta ká ya fótò lókè àpáta, ni àbúrò ọkọ mi obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lólórí kunkun lórí WhatsApp ẹbí. Obìnrin tí kò dá kọ́bọ̀ o! Èmi tí mo ra àdìrẹ ní Ìtòkú fún gbogbo wọn, tí mo ṣì jẹ télọ̀ ní bálánsì, òun ló wá ń pàṣẹ. Ọkọ mi dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ṣé kí n yọwọ́ ni àbí kí n ta kú?

Ìyá Ìbejì Láfẹ́ńwá: Àádọ́rin ọdún kẹ̀! Ẹ ṣàánú màmá. OOPL, ibi ìkàwé Ọbásanjọ́ ní Abẹ́òkúta, ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, wọ́n á wo ẹranko, wọ́n á jókòó jẹun.

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Lift wà ní Olúmọ o, wọ́n ṣe é síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Lóòótọ́ góńgó àpáta yẹn fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ máa fẹsẹ̀ gùn.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́ńwá: Lift ò gbé èèyàn dé góńgó, ẹ má tan aláìmọ̀kan.

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Ẹ rán mi létí ìgbà tí tíṣà kó wa lọ, inú ihò àpáta níbi táwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830, tíṣà ń fi ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan hàn wá lára òkúta, ọmọ kíláàsì wa kan ti sùn lọ fọnfọn síbẹ̀ ni, ó kù díẹ̀ ká gbàgbé ẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ta ló ní màmá ò lè gùn? Ọmọ Ìtòkò ni wọ́n, kíjọba tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní 1976 ni wọ́n ti ń gùn ún láìwọ bàtà. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró nísàlẹ̀, torí oyún oṣù méje lásán.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́ńwá: HẸN?! Lásán?

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Àbúrò ọkọ yín ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín.

Ẹni tó béèrè: Mo ti sanwó fótógíráfà o. Tí mo bá wọ lift nìkan, tí mi ò gun òkúta ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Láfẹ́ńwá: Lọ bi nọ́ọ̀sì tó ń wo oyún ẹ, àwa kọ́.

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ra yáàdì àdìrẹ yẹn ní Ìtòkú?