Regex 3,000, mẹ́séèjì kan: ọ̀nà wo ló yá jù?

Ọmọ Python: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní regex (àpẹẹrẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀) bíi 3,000 nínú fáìlì kan. Bí mẹ́séèjì bá ti wọlé, for loop ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tó bá a mu. Mẹ́séèjì ẹyọ kan ń jẹ bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n sì ń wọlé bí òjò. Mo ti fi | (àmì "tàbí") so gbogbo wọn pọ̀ rí, àmọ́ ẹyọ kan ló ń dá padà, bẹ́ẹ̀ gbogbo èyí tó bá mu ni mo fẹ́. Ẹ gbà mí.

Àgbà Kóòdù: Àbúrò, ṣé o compile wọn (yí wọn padà sí ohun tí Python lè lò tààrà) kí o tó wọ loop, àbí string lásán lo ń fún re.search?

Ọmọ Python: String lásán ni, sà. Wọ́n ní Python fúnra rẹ̀ máa ń fi wọ́n pamọ́.

Àgbà Kóòdù: Ó ń fi pamọ́ lóòótọ́, àmọ́ 512 péré ni àpò rẹ̀ gbà. Kí o tó yí padà dé orí ti àkọ́kọ́, ó ti dà á nù, á tún un compile látìbẹ̀rẹ̀. Ò ń pọn omi sínú ajere. Compile gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, kó wọn sínú list.

Ìyá Dátà: Ìyẹn á ràn án lọ́wọ́, àmọ́ loop ṣì ni loop. RE2, láíbìrì regex ti Google, ní Set, tó ń kó ọ̀pọ̀ regex pọ̀. Add àwọn regex rẹ sí i, kí o Compile; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ka mẹ́séèjì, á sì kó nọ́ńbà gbogbo èyí tó mu fún ọ. RegexSet ti èdè Rust náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gba lookahead (wíwo ohun tó wà níwájú) àti backreference (títọ́ka sí ohun tí regex ti mú ṣáájú) o, kì í sì í sọ ibi tó ti rí i. Fi kún max_mem ti RE2 (ìwọ̀n mẹ́mọ́rì tó lè lò), kí mẹ́mọ́rì má baà tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣeun: Wo àwọn regex náà dáadáa ná. Nínú tèmi, èyí tó pọ̀ jù ló ní ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà, bíi "OTP" tàbí "debit". Aho–Corasick ni mo fi kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ọgbọ́n Bell Labs láti 1975 tó ń wá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Regex tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, n kì í tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Python: Mo ti compile, ẹ̀gbọ́n. Kò tó ìdámẹ́wàá àkókò tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ mọ́! Ẹ̀yin Ìyá Dátà, 41 ló ní lookahead. Ṣé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ìyá Dátà: Yà wọ́n, kí wọ́n wà nínú loop, kó ìyókù sínú Set. Kí o sì wò ó bóyá irú (a+)+$, tó ń mú Python gbìyànjú ọ̀nà àìlóǹkà, wà nínú 41 yẹn. Ẹyọ kan péré nínú irú ẹ̀ tó láti dá gbogbo ètò rẹ dúró.