Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa mọ́tò àtijọ́, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí: tèmi ni Volks Ìjàpá

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Volks Ìjàpá ni mò ń wà, 1300, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti jogún ẹ̀, wọ́n rà á ní 1969 nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà, òun náà ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Bàbá mi kì í ṣílẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n má kì í, "Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo", ibẹ̀ la ti ń pe mọ́tò náà ní Yánníbo nílé wa, ìyàwó Ìjàpá ni Yánníbo lóòótọ́ àmọ́ orúkọ yẹn ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n jáde láyé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, èmi ni mo ní rárá, n ò gbà. Ó ti pé ọdún 11 báyìí, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò ní fọwọ́ kàn án kí n tó lọ wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páànù ni mo fẹ́ sọ ní tèmi. Ẹ́ńjìnì Volks yìí, ẹ̀yìn ló wà, kò ní rẹ́díétọ̀, kò mumi rárá, atẹ́gùn ló ń tù ú. Fáànù ńlá kan wà lórí ẹ̀ tó ń fa atẹ́gùn wọlé, wọ́n wá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ́ńjìnì náà yíká kí atẹ́gùn yẹn lè gba ara sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (ibi tí epo ti ń jó) kọjá kó sì jáde nísàlẹ̀, rọ́bà kan sì tún yí etí ẹ̀ po kí ooru tó ti jáde lábẹ́ má bàa gòkè padà.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tó dọwọ́ mi mo gbé e fún mẹkáníìkì kan, ọmọdé ni, Toyota ló ń ṣe jù. Ó sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ (nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíà, ẹ kàn máa gbé táyà sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì rọra), ó tún un ṣe dáadáa o, àmọ́ nígbà tó dá a padà tán páànù mẹ́ta àti rọ́bà yẹn ṣẹ́ kù nílẹ̀. Mo ní àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fìyẹn sílẹ̀, òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, tá a bá yọ ọ́ atẹ́gùn á túbọ̀ ráyè wọlé ni." Mo gbà á gbọ́. Tí ilé bá ń móoru, ṣebí fèrèsé lèèyàn ń ṣí, ohun tí mo rò nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì mo forí lé Èkó. Ó ń lọ dáadáa, àfi bí mo ṣe ń sún mọ́ Ògèrè tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, mo ń tẹná mọ́ ọn kò dáhùn, òórùn ọ́ìlì tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni ariwo kan, tá-tá-tá-tá, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí lu abọ́. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí mo ṣe ṣí ẹ̀yìn báyìí, ooru tó gbá mi lójú, mo fò sẹ́yìn. Kò ṣíná mọ́ lọ́jọ́ náà, okùn ni wọ́n fi wọ́ wa padà sí Ìbàdàn, mo jókòó ti sítíárìn, omi ń bọ́ lójú mi, n ò ní purọ́ fún yín, torí ohun tí mo ń rò ni pé bàbá wà á fún ọdún gbọọrọ, èmi ò tíì wà á ju oṣù mélòó kan lọ.

Ẹni tó wá ṣí i fún mi ni bàbá àgbàlagbà kan ní Agodi Gate, wọ́n ti ń tún Volks ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nílé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lọ́nà Badagry ní 1975. Wọn ò tíì fọwọ́ kan bóòtù kan tí wọ́n fi bi mí pé "Páànù ẹ̀ dà?" Mo ní ó wà nílé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní "Páànù yẹn ni rẹ́díétọ̀ ẹ̀, ọmọ mi. Nígbà tó o yọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ń gbà sá lọ, kò kan sílíńdà mọ́, ooru tó sì jáde lábẹ́ ni fáànù tún ń fà wọlé." Nígbà tí wọ́n tú u, fáálífù (ìlẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn àti èéfín ń gbà) sílíńdà kẹta ti jó, etí ẹ̀ kan ti lọ bí àkàrà tí eku jẹ. Wọ́n ní ìkẹta ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ lára irú tèmi, torí inú ilé fáànù níbẹ̀ ni kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, dúró sí, atẹ́gùn tó ń kan sílíńdà yẹn ti gbóná kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àwọn ti 1971 sókè ni wọ́n ti gbé kúlà kúrò níbẹ̀. Owó oṣù méjì gbáko ni mo kó lé e.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé fún ọdún méjì, ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ni mò ń lọ, mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn, mo ń fọ páàtì. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà láàárín fáálífù àti irin tó ń tì í. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ṣe é, torí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, tẹ́ ẹ bá ṣe é nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ irọ́ ló máa pa fún yín. Mo máa tẹ́ páálí sílẹ̀, mo máa wọ abẹ́ ẹ̀, mo máa fi sukurudíráfà ti wáyà tó di ìdérí tápẹ́ẹ̀tì mú, ìdérí á bọ́, ọ́ìlì á kán sí mi lápá. Fíìlà 0.15 mm, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá kàn wọlé wọ̀ọ́, ó fẹ̀ jù, tó bá há, ó fún jù, bó ṣe yẹ kó rí ni bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fa owó bébà jáde lábẹ́ abọ́ tí nǹkan ò sí nínú ẹ̀, ìka yín ló máa sọ fún yín. Bàbá ní tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo sàn ju èyí tó dákẹ́ lọ, torí èyí tó fún jù ni kì í jẹ́ kí fáálífù padé, iná á wá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí tẹ́ ẹ bá ní Volks: tí iná pupa bá tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé bátìrì ni kò cháájì, pé ẹ máa rọra wà á délé. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti fáànù, tó bá já, kò sí atẹ́gùn mọ́ nìyẹn. Ó já fún mi ní Mókọlá níjọ́ kan nínú gosiló. Sípánà 21 ni mo fi tú nọ́ọ̀tì ojú ẹ̀, mo fi sukurudíráfà há a kó má yí, mo fi tuntun sí i, àwọn wáṣà tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà láàárín ẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù tàbí fi ń fẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá fàtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì kó wọlé tó bí 15 mm. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú 20. Àfi kẹ́ ẹ máa fi bẹ́líìtì míì pamọ́ sábẹ́ ìjókòó ṣá o.

Ó yá, tiyín ńkọ́?

* * *

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Yánníbo. Obìnrin ni mí, àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Pijó 504 wágọ́nù ni mo fi ń kó ọjà, Kàdúná ni wọ́n ti tò ó. Tèmi ń mumi ní tiẹ̀, omi yẹn gan-an ló fẹ́ pa á. Omi kànga ni mò ń bù sí i, ọdún mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ (orí ẹ́ńjìnì) alumíníọ̀mù ni, bílọ́ọ̀kù ẹ̀ (ara ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀) sì jẹ́ irin, irú omi bẹ́ẹ̀ á máa jẹ alumíníọ̀mù náà lábẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tó yá ó ń mumi ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń bù ú, ó ń gbé e mì, mi ò sì rí ojú ibi tó ti ń jò. Èéfín funfun wá bẹ̀rẹ̀. Níjọ́ tí mo fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde láti wò ó, ọ́ìlì ti di ògì. Ògì gidi, ó funfun, ó ki. Mo dúró síbẹ̀ tí mò ń wo ọ̀pá náà bí ẹni tó rí òkú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo gbé e dé ibi tí wọ́n ti máa tú u, ọkọ mi tó kàn sìn mí wá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi tí kò mọ̀ ibi tí wọ́n ń bu omi sí. Mo dúró ti wọn títí wọ́n fi tú u. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín hẹ́ẹ̀dì àti bílọ́ọ̀kù ti jẹ, hẹ́ẹ̀dì ti tẹ̀, wọ́n ní láti gbé e lọ sìkíímù kó lè padà tẹ́jú. Láti ìgbà yẹn kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún rẹ́díétọ̀, nìkan ni mò ń bù sí i, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣí rẹ́díétọ̀. Kí n tó ṣíná láàárọ̀ mo máa fa ọ̀pá ọ́ìlì, mo máa wo omi, mo máa nawọ́ sábẹ́ bóyá nǹkan kán sílẹ̀ lóru. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 9, ti mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló máa ń kígbe "Màámi, kò di ògì o!"

* * *

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Volks 1972 ni tèmi. Ìjọba ibí ò da irú ẹ̀ láàmú, tí mọ́tò bá ti lé ní ogójì ọdún tẹ́ ẹ sì forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí mọ́tò àtijọ́, kò san owó ojú títì, kò dandan kó ṣe àyẹ̀wò MOT tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò lọ́dọọdún, ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀, tí wọ́n tẹ́ ká gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ní 2023 pàápàá kò kàn án. Páàtì sì ń bọ̀ nínú lẹ́tà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ni ọ̀tá tiwa, ó ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ bátìrì títí mo fi ń rí ọ̀dà títì.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn wò ni rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Ní 2021 ni wọ́n fi kún ọtí (ẹ́tánọ́ọ̀lù) tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù wa níbí, E10 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ò sì bá rọ́bà àtijọ́ rẹ́. Mo ń gbọ́ òórùn epo nínú mọ́tò fún bí ọjọ́ mẹ́rin, mo ní ó máa lọ. Nígbà tí mo wá wò ó, rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù lọ sí kàbúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn) ti sán, epo ń ṣẹ̀ẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ẹ má wo òwú tí wọ́n hun sí i lára, ó lè dára lóde kó ti jẹrà nínú. Púpọ̀ nínú àwọn Volks tó ń jóná, ibẹ̀ ni iná ti ń ràn.

* * *

Láti Ìbàdàn

Àbúrò Peckham, o ṣeun gan-an ni. Àǹtí oní-504, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa.

Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn tán lálẹ́ àná mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Ti orí kàbúrétọ̀ dára. Àmọ́ èyí tó gba ẹ̀yìn páànù wọlé láti ọ̀dọ̀ táǹkì, tí mi ò ti lè rántí ọjọ́ tí mo wò ó kẹ́yìn, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ kò padà sípò, ó sán lójú ibi tó ti kọrọ, ó rí bí ètè ọmọdé nígbà ọyẹ́. Mo yọ orí bátìrì lójú ẹsẹ̀. Mo ti gé rọ́bà náà sápò, n ó mú un dání lọ sí Gate tí wọ́n bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ ni mò ń fi lọ lónìí.