Àrùn Kòrónà tó padà yọjú lẹ́yìn tí wọ́n ní ká máa lọ sílé

Ní oṣù keje ọdún 2020, ọjọ́ 11 ni mo lò ní ilé ìwòsàn lórí atẹ́gùn ọ́síjìn, wọ́n sì ń fún mi ní dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú inú ara kù, lójoojúmọ́. Nígbà tí ara mi yá, wọn kò tún mi yẹ̀ wò kí wọ́n tó ní kí n máa lọ, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti oṣù karùn-ún pé ọjọ́ 10 láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ 3 ó kéré tán láìsí ibà tàbí ikọ́, ti tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ibi iṣẹ́ mi béèrè ìwé àyẹ̀wò, èsì sì jáde pé kòkòrò náà ṣì wà lára mi. Kí n tó ka ìwé náà tán, ìyàwó mi ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Oògùn yẹn ni mo dá lẹ́bi, torí mo ti gbọ́ pé ó máa ń dẹwọ́ ààbò ara.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé àjákù kòkòrò ni àyẹ̀wò PCR ń wá, kò sì mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Lọ́dún náà gan-an, wọ́n tọpasẹ̀ ènìyàn 285 bíi tèmi ní Kòríà Gúúsù, wọn kò sì rí kòkòrò alààyè hù jáde lára àwọn tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún. Dókítà gbà pé irú oògùn bíi dexamethasone lè mú kí àjákù pẹ́ kó tó tán, ṣùgbọ́n èmi kò ní ibà, n kò wúkọ́.

—

Ẹ̀gbọ́n, tiyín sàn. Ti ìyá mi kì í ṣe àjákù rárá. Ọdún 2022 ni, ẹsẹ̀ tó fi ṣèṣe ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó Kòrónà. Wọ́n lo Paxlovid, oògùn Kòrónà tí a ń gbé mì, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 5. Wọ́n tilẹ̀ dá oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn dúró, torí ritonavir inú Paxlovid máa ń mú kí oògùn mìíràn pọ̀ jù nínú ara. Àyẹ̀wò mọ́, a gbé wọn wálé. Lọ́jọ́ kẹta ibà tún dé, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wọ́n, ìlà méjì sì tún hàn lórí àyẹ̀wò tí a ṣe nílé.

Inú bí mi sí ilé ìwòsàn náà, àṣé CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn pé kí àrùn náà padà lẹ́yìn Paxlovid lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 8 lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Ààrẹ Biden náà kò bọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù keje. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò lo oògùn kankan pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn kò fún ìyá mi ní Paxlovid mìíràn. A kàn tún yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì lọ láìjẹ́ pé èémí wọn há. Ìyá mi ní àwọn yóò tún lo Paxlovid bó bá di dandan, bí ẹnìkan bá lè wá nǹkan ṣe sí ìkorò tó ń fi sí ẹnu.