Tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán wo ni kí n rà fún iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọdé?

Ayàwòrán Ìkéré:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọnà. Ìkéré-Èkìtì ni mò ń gbé, pẹ́ńsù àti íǹkì ni mo sì fi ń yàwòrán láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ní báyìí, ẹnìkan tó ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọdé ti gbé iṣẹ́ ìwé kan fún mi, ó sì fẹ́ kí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí a yà sórí kọ̀ǹpútà, kí ó lè rọrùn láti yí àwọ̀ wọn padà, kí ó sì lè tún wọn lò fún káàdì àti pátákó ìkéde. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà dá lórí ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, àti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ síbẹ̀, èyí tó ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1924. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ilẹ̀kùn náà yóò mọ̀ pé ọnà wẹ́wẹ́ kún ẹ̀yìn àwọn ère ara rẹ̀, nítorí náà mo nílò ohun èlò tí yóò jẹ́ kí n lè fa ìlà tó nípọn àti ìlà tín-ín-rín láìgbé ọwọ́ sókè.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo ní kì í ṣe tuntun. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 4GB, ojú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 15.6. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yàwòrán. Iná mànàmáná àdúgbò wa kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Owó tí mo ti kó jọ tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní ojú, èyí tí a ó máa yàwòrán lórí rẹ̀ tí a ó sì máa wo ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àwọn kan ní kí n fara balẹ̀ kí n kó owó jọ sí i láti ra èyí tó ní ojú tirẹ̀. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ ra èyí tí ìpele ìtẹ̀ rẹ̀ bá kéré sí 8192. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Adó-Èkìtì:

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìpele ìtẹ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí òun ni àwọn tó ń tajà fi ń fa ojú ẹni mọ́ra jù lọ. Ìpele ìtẹ̀ ni iye ìyàtọ̀ tí tábúlẹ́ẹ̀tì lè dá mọ̀ láàárín ìgbà tí ẹnu péènì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án àti ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. One by Wacom kékeré ní 2048, Wacom Intuos kékeré ní 4096, Huion H610 Pro V2 àti XP-Pen Deco 01 V2 sì ní 8192. N kò tíì rí ayàwòrán tí ọwọ́ rẹ̀ lè dá ìyàtọ̀ àárín 4096 àti 8192 mọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ máa ń mọ̀ lára kíákíá ni bí péènì ṣe ń gbọ́ ìtẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá ní láti tẹ̀ ẹ́ gidi kí ìlà tó jáde, ìlà tín-ín-rín ẹ̀yìn àwọn ère Ọlọ́wẹ̀ yóò nira fún ọ, iye yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Wá ẹni tó ní irú èyí tí o fẹ́ rà, kí o fi ọwọ́ ara rẹ dán an wò kí o tó sanwó.

Bí ibi tí a ti ń yàwòrán ṣe tóbi tó ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ti Wacom méjèèjì tí mo dárúkọ jẹ́ mìlímítà 152 ní ìbú àti 95 ní òró. Ti H610 Pro V2 àti Deco 01 V2 jẹ́ íǹṣì 10 sí 6.25, ìyẹn mìlímítà 254 sí nǹkan bíi 159. Ojú kọ̀ǹpútà tìrẹ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 345. Nítorí pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tábúlẹ́ẹ̀tì ló dúró fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú kọ̀ǹpútà, ìrìn ọwọ́ rẹ lórí èyí tó kéré kò ní tó ìdajì ìlà tí o ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lórí èyí tó tóbi, yóò sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe lè fara mọ́ kékeré, nítorí ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń lò. Ìwọ tí bébà ti kọ́ ọ láti máa fa ìlà gígùn láti ìgúnpá àti èjìká, ibi tóóró yóò há ọ mọ́, ọwọ́ tó bá sì gbọ̀n díẹ̀ yóò hàn gedegbe nínú ìlà. Bí tábìlì rẹ bá gbà á, ra ti íǹṣì 10.

Ohun kan tún wà. Tábúlẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí gùn ní ìwọ̀n 16 sí 10, kọ̀ǹpútà tìrẹ sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ 16 sí 9. Bí o kò bá wọ inú ètò tábúlẹ́ẹ̀tì náà láti pàṣẹ pé kí ìwọ̀n méjèèjì bára mu, òbìrìkìtì tí ọwọ́ rẹ bá yà yóò fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dúró, nígbà tó jẹ́ pé àṣẹ kékeré yìí ni wọn kò tíì pa.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkèṣà:

Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Apá ti iná àti ti kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi kún un. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ní ojú ń gba agbára díẹ̀ láti ihò USB kọ̀ǹpútà, kò sì nílò ṣájà tirẹ̀. Bí bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ bá ṣì ń gbé e, iṣẹ́ kò ní dúró nígbà tí iná bá lọ. Èyí tó ní ojú, irú Huion Kamvas 13 tàbí Wacom Cintiq 16, jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà kejì ní tòótọ́: ó ń gba àwòrán láti ihò HDMI tàbí USB-C, ó sì ń jẹ iná ju èyí tí kò ní ojú lọ dáadáa. Ní àdúgbò tí iná kò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter ni yóò máa gbé e, kí ẹ sì ka owó epo mọ́ iye tí ẹ fẹ́ rà á. Mi ò sọ pé kò dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá fi owó rẹ̀ ra èyí tí kò ní ojú, ìyókù lè sọ RAM kọ̀ǹpútà yín di 8GB, ìyẹn ni yóò sì ran iṣẹ́ yín lọ́wọ́ jù.

Péènì ńkọ́? Ẹ má ra èyí tó ń lo bátìrì. Gbogbo àwọn tí ọ̀gá dárúkọ ló ní péènì tí kò ní bátìrì rárá: tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń rán agbára òòfà jáde, wáyà tí wọ́n wé sínú péènì ń gba agbára náà, ó sì ń fi í dá èsì padà nípa ibi tí ó wà àti bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Kò wúwo lọ́wọ́, kò sì sí pé ó kú láàárín iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà níhìn-ín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ rí i dájú pé péènì tó bá a wá ni tirẹ̀ gan-an, nítorí péènì ilé-iṣẹ́ kan kì í sábàá ṣiṣẹ́ lórí ti òmíràn, kódà tábúlẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ kan náà lè má gba péènì ara wọn. Ẹ mi orí wáyà díẹ̀ níbi tó ti wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ihò rẹ̀ ti yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rúlà lé e láti igun kan sí igun kejì, kí ẹ fa ìlà jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ó sì ń já ní ibì kan, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àǹtí Ayàwòrán, Ọ̀yẹ́-Èkìtì:

Ẹ má bínú, èmi rí i lọ́nà mìíràn. Wíwo ibòmíràn nígbà tí ọwọ́ wà níbòmíràn kì í tètè bá ẹni tó ti pẹ́ lórí bébà lára mu. Samsung Galaxy Tab S6 Lite ni mò ń lò. Ó dá dúró láìsí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10.4, péènì rẹ̀ wà nínú páálí kan náà, kò sì sí ìdí láti fi ṣájà sí péènì náà. Bí iná bá dé fún ìgbà díẹ̀, mo gba agbára sí i, mo sì lè fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. ibisPaint X ni mo fi ń yàwòrán lórí rẹ̀. Ẹni tó bá lówó iPad náà lè rà á, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ta péènì ti Apple. Àbúrò mi, ronú sí i dáadáa, nítorí ìgbádùn kí ìlà máa jáde lábẹ́ ọwọ́ ẹni kì í ṣe kékeré.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọnà, Adó-Èkìtì:

Àǹtí, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ìgbádùn náà, bí ó bá sì jẹ́ àwòrán tí a ó máa wò lórí fóònù ni, n kò ní bá yín jiyàn. Ìwé títẹ̀ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú ìwé A4 tí a fẹ́ tẹ̀ ní 300 píksẹ́lì fún íǹṣì kan gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì 2480 sí 3508. Ewé àwòrán kan ṣoṣo ní ìwọ̀n yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní layer, lè gba nǹkan bíi 35MB nínú ìrántí ẹ̀rọ. Ayàwòrán tó ya ère sórí ewé kan, tó ya ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ sórí òmíràn, tó tún fi òjìji àti àwọ̀ sórí àwọn mìíràn, yóò lo ọ̀pọ̀ ewé láìpẹ́. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó dá dúró, iye ewé tí ibisPaint yóò gbà yín láàyè láti lò ń dín kù bí àwòrán ṣe ń tóbi sí i, a kò sì lè ṣí i láti fi RAM kún un. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣeé ṣí, RAM wọn sì ṣeé fi kún. Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, tún lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin tí àwọn atẹ̀wé ń lò, èyí tí onítẹ̀wé lè béèrè lọ́wọ́ rẹ, àbúrò mi.

Ní ti ojú àti ọwọ́, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ti rí i lára àwọn tí mo kọ́ pé ẹni tó bá ń ya òbìrìkìtì àti ìlà gbọọrọ lójoojúmọ́, láìwo ọwọ́, máa ń borí rẹ̀ kíákíá ju ẹni tó bọ́ sínú iṣẹ́ oníbàárà lọ lọ́jọ́ kìíní.

Ayàwòrán Ìkéré:

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti Àǹtí. Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ yìí kò tíì wá sí ọkàn mi rárá. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, gbogbo àwòrán tábúlẹ́ẹ̀tì tí mo rí ló ní bọ́tìnì lápá òsì. Ṣé kò ní máa dí ọwọ́ mi lọ́wọ́? Èkejì, ṣé mo lè lò ó pẹ̀lú fóònù Android mi nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà lọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe fún RAM?

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán, Ìjerò-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, ọlọ́wọ́ òsì ni èmi náà. Ẹ yí tábúlẹ́ẹ̀tì padà kí apá òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, bọ́tìnì yóò sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú ètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ yan yíyípo ìwọ̀n 180, kí ìlà má baà jáde ní ìdojúdé. Ẹ wo apá ibi tí wáyà yóò bọ́ sí kí ẹ tó tún tábìlì tò.

Ní ti fóònù, H610 Pro V2 àti Deco 01 V2 ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Android 6 sókè, bí ẹ bá ní ẹnu wáyà OTG, èyí tí a fi ń so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ fóònù, tó bá ihò fóònù yín mu. Apá kan nínú ibi ìyàwòrán ni yóò ṣiṣẹ́ bí fóònù bá dúró lóòró. Ó tó fún ìdánrawò.

Ayàwòrán Ìkéré:

Mo ti pinnu: èyí tí kò ní ojú, ti íǹṣì 10, ni n ó rà, n ó sì fi ìyókù owó kún RAM. Mo dán Deco 01 V2 ọ̀rẹ́ mi kan wò lánàá lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìtẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n òrùka kékeré kan ń yọ níbi tí péènì bá ti kan tábúlẹ́ẹ̀tì, ìlà sì ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé àbùkù ni?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Òkèṣà:

Kì í ṣe àbùkù. Windows ló rò pé ẹ fẹ́ tẹ péènì mọ́lẹ̀ dípò bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, ló fi ń dúró wò yín. Ẹ ṣí Control Panel, ẹ lọ sí Pen and Touch, kí ẹ pa press and hold níbẹ̀. Bí òrùka náà bá ṣì ń yọ, ẹ mú àmì kúrò níwájú Windows Ink nínú ètò tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wọ Tablet Settings nínú Krita láti yan WinTab. Bí ẹ bá mú àmì Windows Ink kúrò láìyan WinTab, ìlà yóò jáde ṣùgbọ́n kò ní mọ ìtẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ yóò nípọn bákan náà. Bí driver tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ tábúlẹ́ẹ̀tì, bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́ pátápátá kí ẹ tó fi tuntun sí i, nítorí méjèèjì máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Kí ẹ sì tọ́jú àwọn ẹnu péènì àfikún tó wà nínú páálí. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí kò dán, ó rí bíi bébà, ó sì máa ń jẹ ẹnu péènì, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bà lé e, nítorí náà ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.