Àwòrán ẹ̀yìn pẹpẹ ni mo fara mọ́

Ẹnìkan nínú àwa tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún "altarpiece" dábàá pé kí a máa pe àwòrán ńlá yìí, tí ìjọ Àgùdà àtijọ́ ń gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tábìlì ẹbọ Mísà, ní "àwòrán pẹpẹ". Ẹlòmíràn ní "àwòrán ojúbọ" ló dùn létí jù. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwòrán tí ó fi ilé hàn ni à ń pè ní "àwòrán ilé", nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ "àwòrán pẹpẹ" yóò rò pé pẹpẹ ni wọ́n yà síbẹ̀, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti pẹpẹ tí à ń to abọ́ sí nílé. "Àwòrán ẹ̀yìn pẹpẹ" sọ ibi tí nǹkan náà dúró sí, ìtumọ̀ kan náà ló sì wà nínú "retablo" àwọn ará Sípéènì, tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ẹ̀yìn àti tábìlì wá.

Ti ojúbọ ló le díẹ̀. Láàárín 1512 sí 1516, Matthias Grünewald, ayàwòrán ará Jámánì, ya irú àwòrán yìí fún ilé àwọn mọ́ńkì Antoni Mímọ́ ní Isenheim, ní Alsace tó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí. Mùsíọ́ọ̀mù Unterlinden ní Colmar ló wà lónìí. Àwọn tí "iná Antoni Mímọ́" ń jà ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, àìsàn tí búrẹ́dì ọkà rye tí nǹkan dúdú kan ti hù lára rẹ̀ ń fà, tí í máa jó ènìyàn bí iná títí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Jésù tí Grünewald yà sórí àgbélébùú jọ ọ̀kan nínú wọn: ara rẹ̀ ti ń ṣe bí àwọ̀ ewé, egbò bò ó, ẹ̀gún kéékèèké há sí i lára, ìrora sì ti fa ìka ọwọ́ rẹ̀ ya gbàrà. Mo gbà pé aláìsàn tó bá wo èyí lè kúnlẹ̀. Síbẹ̀, orí tábìlì iwájú ni wọ́n ti ń rú ẹbọ, àwòrán kọ́ ni wọ́n ń bọ.

Àwọn pákó rẹ̀ tí ń ṣí tí ń padé ńkọ́? Wọ́n ní kí a pè wọ́n ní "ìyẹ́" nítorí pé Òyìnbó ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹ́ fẹ́ wá ṣe lára pákó tí a fi irin kọ́? Ilẹ̀kùn ni. Ní Isenheim, ibi tí ilẹ̀kùn méjèèjì ti pàdé gba apá Jésù kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí i, ńṣe ni apá náà yóò dà bí èyí tó gé kúrò, lójú àwọn aláìsàn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́. Inú ni Àjíǹde wà, níbi tí awọ ara kan náà ti ń dán nínú ìmọ́lẹ̀, tí egbò ẹ̀gún wọ̀nyẹn kò sí mọ́. Kì í sáà ṣe gbogbo wọn ló ní ilẹ̀kùn. Ti Titian, ayàwòrán ará Ítálì, Ìgbàsókè-ọ̀run Màríà tó parí ní 1518 ní ṣọ́ọ̀ṣì Frari ní Venice, ojú kan ṣoṣo ló ní. Nítorí náà, ibi tó bá yẹ nìkan ni kí a ti fi "onílẹ̀kùn" kún un.

Ó ku pákó gbọọrọ ìsàlẹ̀, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní "predella". "Ìtìsẹ̀" ni mo ṣì ń lò fún un ní tèmi, bí ẹnìkan bá sì ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.