Orúkọ wo ló yẹ "bibliometrics": ìwọ̀n ni, kíkà ni, àbí ìṣirò?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Láti ìjẹta ni mo ti ń ro ìbéèrè tí ọ̀kan nínú wa gbé wá: kí ni ká máa pe "bibliometrics" ní Yorùbá, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń ṣírò iye iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde, iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì tọ́ka sí i, àti ibi tí wọ́n ti tọ́ka sí i? Ìdáhùn méjì ti wọlé. Ẹnìkan ní "ìwọ̀n-ìwé". Ẹlòmíì ní "ìkàwé", ká ṣẹ̀dá rẹ̀ bí a ṣe ṣẹ̀dá "ìkànìyàn". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí mo bá gbọ́ "ìwọ̀n-ìwé", bí ìwé ṣe gùn tó tó sì fẹ̀ tó ló ń wá sí mi lọ́kàn, ohun tí atẹ̀wé máa ń bi oníbàárà. Ìyẹn ò tíì burú jù, ọ̀rọ̀ tuntun ṣì lè mọ́ni lára. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé "ìwọ̀n" ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo olùkọ́ tó ti kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ rí mọ "ìgbéléwọ̀n", níbi tí a ti ń wò bóyá ohun tí a kọ́ ọmọ yé e. Bí nǹkan ṣe dára tó ni ìgbéléwọ̀n ń wá. Ẹni tó ń ṣírò àtẹ̀jáde ò wá ìyẹn rárá. Ó lè mọ̀ pé wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ kan nígbà 50, kó má mọ̀ bóyá 30 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń sọ pé òǹkọ̀wé náà ṣìnà.

"Ìkàwé" ni mo rò pẹ́ jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà la fi ń ka owó, òun náà la fi ń ka lẹ́tà. Bí ẹnìkan bá ní "wọ́n ti ka àwọn ìwé mi", a ò lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣí wọn wò tàbí iye wọn lásán ni wọ́n kà. Ẹjọ́ tí àwọn onímọ̀ ń bá ẹ̀ka yìí ṣe gan-an nìyẹn. Mo jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga kan rí. Wọ́n ka iṣẹ́ mi, ó pé méje. Mẹ́ta tí mo fi Yorùbá kọ ni wọ́n yọ sọnù, torí pé jọ́nà tó gbé wọn jáde ò sí nínú àkójọ tí wọ́n ń lò. Kò sí ẹni tó ṣí ẹyọ kan nínú méjèèje lójú mi. Wọ́n kà wọ́n, wọn ò kà wọ́n. Ẹ̀yin náà rí i pé orúkọ tó máa fi ìyàtọ̀ yẹn pamọ́ máa ṣe wá níbi.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá jiyàn lé e lórí kó tó dúró. Paul Otlet, ará Bẹ́ljíọ̀m, ti lo "bibliométrie" lédè Faransé ní 1934. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "statistical bibliography", tí Wyndham Hulme ti lò ní 1923. Ní 1969 ni Alan Pritchard kọ̀wé pé orúkọ yẹn wúwo lẹ́nu, pé èèyàn tiẹ̀ lè rò pé àkójọ àwọn ìwé nípa statistics ni. Òun ló wá dábàá "bibliometrics". Lọ́dún yẹn kan náà, Nalimov àti Mulchenko tẹ ìwé tiwọn jáde ní Moscow, "naukometriya" ni wọ́n ní tiwọn. "Nauka" ni sáyẹ́ǹsì lédè Rọ́ṣíà. Ọ̀kan di ìwé mú, èkejì di ìmọ̀ mú, àwọn méjèèjì sì fi "metron", ìwọ̀n lédè Gíríìkì, kún un. Kò pọn dandan kí tiwa gba ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí Eugene Garfield gbé Science Citation Index, àkójọ tó ń fi hàn iṣẹ́ wo ló tọ́ka sí èwo, jáde ní Philadelphia ní 1964, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí olùwádìí lè máa tọ ọ̀rọ̀ láti inú iṣẹ́ kan dé inú òmíràn, bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ẹ̀yìn náà ni àwọn aláṣẹ sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ "ìwọ̀n ipa" tí ẹnìkan dá fún "impact factor", iye tí wọ́n fi ń fi jọ́nà kan wé òmíràn. Bí jọ́nà kan bá gbé àpilẹ̀kọ 40 jáde láàárín ọdún méjì, tí wọ́n wá tọ́ka sí wọn nígbà 60 ní ọdún kẹta, a ó fi 40 pín 60, ó di 1.5. Ìpíndọ́gba ni, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìpíndọ́gba ìtọ́ka". Ní ti "h-index", iye tí Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé kalẹ̀ ní 2005 fún olùwádìí kọ̀ọ̀kan, "iye h" tó o: ẹni tó ní iṣẹ́ 10 tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 10 ó kéré tán, tí kò tíì ní 11 tí wọ́n tọ́ka sí nígbà 11, iye h tirẹ̀ jẹ́ 10.

Àbá tèmi fún orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ náà ni "ìṣirò àtẹ̀jáde akadá" ("academic" ni akadá). Mo mọ̀ pé "ìṣirò àtẹ̀jáde" nìkan lè dún bí ìwé owó atẹ̀wé, "akadá" ló sì dí ihò yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì: àwọn tó ń gbé Láàǹgbàsà jáde ní Yunifásítì Èkó kọ "Jọ́nà Iṣẹ́ Akadá" sára rẹ̀. Bí a bá ti pè é tán lẹ́ẹ̀kan nínú àpilẹ̀kọ, a lè gé e kúrú.

Mo dán an wò nínú gbólóhùn kan: "Ìṣirò àtẹ̀jáde fi hàn pé wọ́n tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà 50, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò tíì kà á, wọn ò sì tíì ṣe ìgbéléwọ̀n rẹ̀." Ẹ fi "ìkàwé" tàbí "ìwọ̀n-ìwé" rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń forí gbárí pẹ̀lú ìyókù gbólóhùn. Ẹni tó bá ní òmíràn tó lè jókòó síbẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ nínú gbólóhùn yìí kan náà.