Rodrigo ló rí i, kì í ṣe Columbus: ẹ gbé “olùṣàwárí” kúrò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń sọ eré orí rédíò nípa Columbus di Yorùbá fún àwọn ọmọ iléèwé ti fi ojú ewé àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Eré tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1942 ni, lásìkò ogun Hítílà, láti sààmì 450 ọdún tí ọkùnrin náà gúnlẹ̀ sí òdìkejì òkun. Laurence Olivier ló ṣe ohùn Columbus. Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀gbọ́n dáwọ́ lé, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ìlà kìíní gan-an ni mo ti kọsẹ̀: “Columbus, Olùṣàwárí Amẹ́ríkà.” Nísàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n tún pè é ní “àwárí-òkun.” Ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká mú “rí.” Bí Yorùbá bá ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ohun tí obìnrin náà ń wá gan-an ló rí. Kì í wá irú, kó lọ rí iyọ̀, kó wá máa pe iyọ̀ ní irú. Éṣíà ni Columbus ń wá nígbà tó ṣí ní Palos, èbúté kan ní Spéìn, lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1492. Guanahani, erékùṣù kan ní Bahamas, ló já sí. Ó pe àwọn Taíno tó bá níbẹ̀ ní ará Íńdíà, títí tó sì fi kú ní 1506, etí Éṣíà ló ń sọ pé òun dé. “Wá” wà níbẹ̀. “Rí” dà?

“Rí” yẹn pàápàá, ẹlòmíì ló ni ín. Rodrigo de Triana, atukọ̀ inú Pinta, ló kígbe pé ilẹ̀ rèé, lóru, ní nǹkan bí aago méjì. Columbus ní òun ti rí iná kan lálẹ́ ṣáájú, òun ló sì gba owó tí ọba àti ayaba Spéìn ṣèlérí fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fojú kan ilẹ̀. Ṣé ká tún wá fi Yorùbá gbà á lọ́wọ́ Rodrigo lẹ́ẹ̀kejì? Lóṣù Kẹwàá ọdún 1492 yẹn kan náà ni Columbus dé Kúbà. Àwa tí wọ́n kó èèyàn wa lọ sí Kúbà lẹ́yìn náà, tí àwọn Lùkùmí, àrọ́mọdọ́mọ wọn, ṣì ń kọrin òrìṣà níbẹ̀, ṣé àwa ló yẹ ká máa sọ pé ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé ti sọnù kí wọ́n tó wá a rí?

Ó ku ohùn. “Àwárí” tó fi à- olóhùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Àtúnṣe ni iṣẹ́, atúnlùúṣe ni ẹni tó ṣe é. Ọdún 22 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá, mi ò lè dákẹ́ lórí èyí.

Bàbá àgbà mi ò mọ ìwé. Redifúṣọ̀n, àpótí rédíò olówáyà, wà lára ògiri pálọ̀ wọn, asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n kọjú sí àpótí náà, wọ́n ní, “O jíire o.” Àpótí ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Wọ́n yíjú sí mi: “Ṣé o gbọ́ èsì?” A- ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìṣe nǹkan náà ni wọ́n wò, wọn ò gbé olù- lé e lórí bí adé.

Dípò “olùṣàwárí,” awákiri ni tèmi. A-wá-kiri: ó wá, ó kiri, kò sí “rí” kankan níbẹ̀.

Ní ti “Balógun Òkun” tí ìyá wa kan dábàá fún Almirante, oyè ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ní èdè Spéìn, tí wọ́n fi jẹ Columbus, mi ò gbà. Ọkọ̀ mẹ́ta àti nǹkan bí 90 ọkùnrin kì í ṣe ogun. Wọ́n ní n kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, pé kí n má dá sọ́rọ̀ balógun. Ọjà Ọba n’Ìbàdàn ni wọ́n bí ìyá tó bí mi sí.

Ẹ̀gbọ́n, Sátidé ni àwọn ọmọ máa ka ìran kìíní. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “olùṣàwárí” lajú.